Ẹnikẹ́ni Kì Í Sọ̀rọ̀ Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Ṣiṣẹ́

Nínú àgbàlá wa ní Jàpárà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Òfin bàbá mi ni. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni wọ́n, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ààlà láàárín ibi tí wọ́n ti ń tú ọ̀kadà palẹ̀ àti ibi tí a ti ń dáná. Bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ lé kíìkì, tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ìyá mi yóò dá ọmọ odó dúró sókè. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí wọ́n ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, yóò gbé ọwọ́ kúrò lára páànù tí wọ́n fi ń rin ín. Kàmọ́rù àbúrò mi yóò mú ẹkún tó bá ń sun mọ́ ẹnu. Ariwo ayùn láti ilé ìlagi tó wà lọ́nà odò nìkan ni kò mọ òfin wa. Bàbá mi yóò fi ẹnu sípánà gígùn kan kan ara ẹ́ńjìnnì, wọn yóò fi ẹnu kejì kan egungun ẹ̀yìn etí wọn, wọn yóò sì di ojú. Ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò tó gbé orí sókè, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó kéré jù: "Kí lo gbọ́?" Wọ́n ní bí àgbà bá kọ́kọ́ dáhùn, ọmọdé kò ní sọ ohun tó gbọ́ mọ́, ohun tí àgbà sọ ni yóò máa tún sọ.

Kàmọ́rù á ní, "Mo gbọ́ adìẹ." Ìyá Àgbà á ní, "Èmi gbọ́ ebi. Ẹ jẹ́ kí n rin ewùrà mi." A ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ó bá kàn mí, ẹ̀rín á tán lójú bàbá mi, nítorí wọ́n gbà pé etí mi yàtọ̀. Mo mọ ìró fáàfù tó ti dẹ̀, mo mọ ti ṣéènì tó gbẹ, mo sì mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún bí epo kò bá dé ibẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọmọ tó bá gbé ní irú ilé bẹ́ẹ̀ á mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa ń sọ nílé, àmọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé kíkọ ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, ẹ̀rù ni kò jẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo, Bọ̀dá Mùfú, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ kí àwa ọmọ máa fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní bí a bá pe òun ní "ẹ" lẹ́ẹ̀kan sí i, irungbọ̀n á hù lójú òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹja yíyan ló ń fi ọ̀kadà gbé láti Màkún-Omi wá sí ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀nà náà jìn, òkè pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kadà rẹ̀ sì kéré. Bí ó bá ti kó apẹ̀rẹ̀ méjì lé e, á máa mí gúlegúle bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó bẹ bàbá mi títí wọ́n fi gbà láti fi agbára kún un. Wọ́n yọ inú ẹ́ńjìnnì náà kúrò, wọ́n gbé ti ọ̀kadà ńlá kan tó ti bàjẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi písítìnì tó tóbi jù ú lọ sí i, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé irin kí wọ́n lè jẹ́ kí ó gbà á. Ẹ́ńjìnnì náà wá ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti gbé tánkì epo sókè, tí wọ́n sì fa àwọn wáyà iná tó ń gba abẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọ̀kadà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí. Àwọn ará àdúgbò fi Bọ̀dá Mùfú ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọ̀kadà rẹ̀ wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n. Òun náà á ní, "Ẹ wò ó bí ṣòkòtò náà ṣe gùn tó, kẹ́ ẹ tó rí bí ó ṣe ń sáré." Lóòótọ́, ó ń sáré. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ló ń gbé báyìí, kò sì mí gúlegúle mọ́.

Kò tó oṣù kan tí ọ̀kadà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe níbì kan náà. Á ṣàdédé kú, iná iwájú rẹ̀ á kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń fún iná náà lágbára. Bọ̀dá Mùfú á dúró, á fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ́ńjìnnì á sì jí bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá délé, bàbá mi á gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tan án, gbogbo wa á dákẹ́, kò sì ní í kú rárá. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, àwọ̀ ẹnu rẹ̀ dára. Wọ́n yẹ iná tó ń ta lẹ́nu rẹ̀ wò, ó ń ta búlúù. Wọ́n fọ kàbúrétọ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá epo, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì. Síbẹ̀, bí Bọ̀dá Mùfú bá tún jáde, ìròyìn kan náà ló ń mú bọ̀. Ilé wa kò dùn mọ́. Ojú ọ̀nà Màkún-Omi ni àwọn ọkọ̀ gẹdú ń gbà kó igi jáde nínú igbó, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọkọ̀ tó ru igi ńlá mẹ́ta kì í lè dúró lójijì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹ ẹ̀bà, Ìyá Àgbà kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n ní, "Làsísì, ẹ̀yin méjì péré lẹ kù fún mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ rẹ tú ọ̀kadà yìí, kì í kú tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí irin pa àbúrò rẹ." Bàbá mi dìde. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n sì jáde lọ bá ọ̀kadà náà.

Ohun tó mú wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn nìyẹn. Ọ̀gá náà ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀dọ̀ wọn ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa irú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, nítorí òun ló pa wá. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí, yóò fi ọwọ́ lé Kùránì búra pé ohun tí ọ̀gá òun bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì, òun kò ní tú u láìgba àṣẹ. Kò sí bí ó ti lè pẹ́ tó. Ọmọ iṣẹ́ náà ì báà ti bí ọmọ, kí ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó ń sọ nípa ìdílé ńlá tí òun ti jáde.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè lẹ́yìn ìrun alásárì ni Ọ̀gá dé. Wọ́n tóbi, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sókè, fìlà wọn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá mi tan ọ̀kadà, gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀gá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Làsísì, ẹ́ńjìnnì lẹ ń kírun fún nílé yìí ni? Àní obìnrin di ọmọ odó mú sókè!"

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìró náà. Wọ́n fẹ́ lóṣòó, ọwọ́ ọ̀kadà sì dí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá tì í sí apá òsì. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì náà fo ohùn kan ṣoṣo, bí ẹni tó gbé itọ́ mì láàárín ọ̀rọ̀, ó sì ń bá a lọ. Mo wo bàbá mi. Ojú Ọ̀gá ni wọ́n ń wò. Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, mo dúró kí wọ́n bi mí, àmọ́ kò sí ìbéèrè lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ti dáhùn. "Písítìnì tó o fi agídí kì bọ inú ilé onílé yẹn ni. Bó bá gbóná, á wú, á gán. Mú sípánà wá." Ta ni yóò jiyàn? Ohun tí a yí padà lára ọ̀kadà náà nìyẹn, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá tú u, wọ́n fi páálí oníyanrìn ha ara písítìnì, wọ́n fi ríìngì tuntun sí i, wọ́n sì dì í padà. Nígbà tí wọ́n ń parí, Ọ̀gá rí àwọn wáyà tó ń jù fìrìfìrì lọ́rùn ọ̀kadà. Wọ́n ní, "Ṣíọ̀!" Wọ́n fi okùn irin tín-ín-rín kan so wọ́n pọ̀ mọ́ ọrùn náà, wọ́n sì fi púláyà lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó parí," wọ́n wí. Ìyá mi gbé ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n ṣàdúrà fún ilé, wọ́n sì lọ.

Ìgbà tí bàbá mi ń fọ ọwọ́ ni mo sọ fún wọn. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n tan ọ̀kadà, wọ́n sì rọra yí ọwọ́ rẹ̀ sí òsì. Ó kú. Wọ́n dá a padà sí àárín, wọ́n ta á, ó jí. Wọ́n yí i sí òsì, ó kú. Mo rí i tí ara wọn balẹ̀, mo sì rí i tí ojú wọn tún yí padà. Wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì wà lára àwọn tí a so náà. Bí èèpo rẹ̀ bá ti bó, tí bàbà inú rẹ̀ sì kan irin ọ̀kadà, ẹ́ńjìnnì á rò pé a ti pa òun ni. Nílé, tí ó bá wà lórí ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà ní títọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi kú lójú wa rí. Bàbá mi mú púláyà. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ dé ibi tí okùn irin náà wà, wọ́n sì dúró.

"Ọ̀gá ló dì í," wọ́n wí.

"Bàbá, ẹ kàn máa tú u díẹ̀ ni."

"Ọ̀la ni mo máa dé Àgọ́-Ìwòyè. N ó gba àṣẹ, n ó sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìgboro pé Ọ̀gá ṣe é kò dáa, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?" Nígbà tí Bọ̀dá Mùfú wọlé, ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé kí ó má gbé ọ̀kadà náà jáde títí àwọn yóò fi dé. Ó ní, "Kí ló tún ṣe é, Ẹ̀gbọ́n?" Wọ́n ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kó sinmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ tí ẹnì kan fi mú ìròyìn wá fún Bọ̀dá Mùfú pé ẹja rẹ̀ ti wà lẹ́bàá omi ní Màkún-Omi láti àná, pé òjò ń bọ̀, bí òjò bá sì kàn án, á bu. Ó rìn yí ọ̀kadà náà ká. Ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ṣèlérí pé bí a bá gba ìsinmi ilé ìwé, òun á mú mi lọ sí Màkún-Omi kí n lọ wo omi tí kò ní ìkángun. A ti gba ìsinmi náà, mi ò sì rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì mi pé mò ń lọ.

"Sàrátù, etí ilé," ó wí. "Bàbá rẹ ní kó sinmi. Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni? Ìwọ náà wà níbẹ̀ lánàá. Kí lo gbọ́ lára rẹ̀?"

Bí mo bá sọ ọ́, kò ní lọ. Bí kò bá lọ, èmi náà kò ní lọ. Bàbá mi sì ti ní kí n má sọ. Mo fi èyí tí bàbá mi sọ bo tèmi mọ́lẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Nǹkan kan rárá?"

"Rárá, Bọ̀dá. Ó ń dún dáadáa."

"Ó yá, lọ wọ bàtà rẹ. Bí Ìyá Àgbà bá bi ọ́, ẹja wọn lo fẹ́ lọ bá wọn mú wá."

Ó kú lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a ń lọ, níbi tí ọ̀nà ti yà sí òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó kan. Ó ta á, ó jí. Ó ní, "Ó kàn ń húkọ́ ni." Mo di ìbàdí rẹ̀ mú, mi ò sọ̀rọ̀. Mo rí omi náà. Ó rí bí eérú, ó tẹ́jú, kò sì ní ìkángun lóòótọ́. Àwọn obìnrin ń kó ẹja jáde lórí ààrò, wọ́n fún mi ní orí ẹja kan jẹ, wọ́n sì ń bi Bọ̀dá Mùfú pé ta ni ìyàwó kékeré tó mú wá yìí. Ó ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Iye òsì tó wà lójú ọ̀nà tí a máa gbà padà ni mò ń rò.

Ìrọ̀lẹ́ la dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó dà sórí afárá. Òjò ti mú ojú ọjọ́ ṣú. Ọ̀nà yà sí òsì níbẹ̀, ọ̀gbàrá sì ti jẹ etí ọ̀nà lápá ọ̀tún, kòtò ló kù. Ní àárín ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì kú, iná sì kú. Bọ̀dá Mùfú ní, "Bọ́ sílẹ̀, sáré lọ dúró nínú koríko lọ́hùn-ún." Apá òsì ni koríko wà. Mo sáré lọ. Ó tún ọwọ́ ọ̀kadà ṣe, ó ta á, ó jí, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi láti wá bá mi. Ó kú. Apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣe é tì. Ó tún un ṣe, ó ta á, ó jí. Ó yí i sí òsì. Ó kú. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ gẹdú náà lókè lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ pé gẹdú ni, mo mọ̀ pé ó ru igi, mo mọ̀ pé bíréèkì rẹ̀ ń pariwo lásán. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: Bọ̀dá, má yí i sí òsì, fi í sílẹ̀ kó o máa bọ̀. Àmọ́ ìgbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ẹnu mi á pa dé fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń pa dé nílé láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nígbà tí ó kú lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo wá lè ké, ariwo ọkọ̀ náà ti bo igbe mi mọ́lẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Mi ò ní kọ èyí tó kù.

Bàbá mi ti padà délé kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti sọ. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹ̀rín ni Ọ̀gá rín sí wọn ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ní, "Nítorí okùn irin lo ṣe wọkọ̀ wá? Tú u jàre, ta ló ní kó o má tú u?" Bàbá mi wọlé pẹ̀lú àṣẹ náà lẹ́nu, wọ́n sì bá ibi tí ọ̀kadà máa ń wà ní òfìfo.

Nígbà tí ó pé ogójì ọjọ́, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣe fídáù tán, Ọ̀gá wà níjòkòó pẹ̀lú àwọn ará ilé. Bàbá mi gbé ohun tó kù nínú ọ̀kadà náà wá sáàárín àgbàlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti run, àmọ́ ọrùn rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Wọ́n gé okùn irin náà. Wọ́n fa wáyà jáde, wọ́n sì fi ibi tí èèpo rẹ̀ ti bó han Ọ̀gá. Kò ju orí èékánná lọ. Wọ́n dá wáyà náà padà sí ibi tó wà, wọ́n tan án, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sí òsì, ó kú. Wọ́n fi téèpù dúdú wé ibi tó bó náà, wọ́n tan án, wọ́n yí i sí òsì, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ohùn rẹ̀ kún, ó lágbára. Gbogbo wa dákẹ́, Ọ̀gá pẹ̀lú. Bàbá mi jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó pa á. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Wọ́n nawọ́ sí mi níwájú gbogbo èrò.

"Ọmọ yìí gbọ́ ọ," wọ́n wí. "Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló gbọ́, òun nìkan ló la ẹnu sọ ọ́. Èmi tí mo jẹ́ àgbà ni mo ní kó dákẹ́."

Ọ̀gá ṣí fìlà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì ṣàdúrà pé etí mi kò ní di. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ìwọ ni ì bá gbà á sílẹ̀ fún mi." Wọ́n bu ẹran fún mi, èyí tó tóbi jù nínú àwo. Mo jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo sọ fún Bọ̀dá Mùfú nígbà tí mò ń fọ abọ́, nítorí kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀.

Bàbá mi kò tan ẹ́ńjìnnì kankan nílé wa mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọ́n lọ ń ṣọ́ géètì ní ilé ìlagi títí wọ́n fi kú. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ọ̀pọ̀ ibi nínú ìlú yìí. Bí ó bá di dandan kí n gun ọ̀kadà, mo máa ń ní kí ó sọ̀ mí kalẹ̀ kí ó tó yà sí òsì, n ó san owó mi, n ó sì fi ẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Àwọn ọlọ́kadà á máa wò mí. Àwọn ọmọ Kàmọ́rù ló wà nílé Jàpárà báyìí, wọ́n sì ti bímọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ kí wọn, ọmọ kan rí ohun kan, kò sì sọ ọ́. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá a wí nínú yàrá. Ó ní, "Ṣé o ò lè fara wé ìyá wa Sàrátù ni? Wọn ò ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́."